Kọ̀ǹpútà Apirọrọ: Bí Mo Ṣe Wá Oorun fún Ẹ̀rọ Mi

Agogo 3 òru kọjá ìṣẹ́jú 10 ni inverter bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó bá ní in nílé mọ igbe yẹn. Kí n tó fọwọ́ tá tọ́ọ̀ṣì rí, ó ti pa ara rẹ̀. Mo gbọ́ bí fáànù yàrá Màmá ṣe ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Ohùn wọn wá láti inú òkùnkùn:

"Àkànní, ṣé wọ́n tún ti mú un lọ ni?"

"Rárá o, Màá. Bátìrì wa ló tán."

"Ooru yìí mà pọ̀ o."

Mo mú abẹ̀bẹ̀, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn, mo ń fẹ́ wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Màmá ti pé ẹni ọdún 81, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá wọn fínra, nítorí náà ooru òru kì í ṣe ohun tí mo lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Torí tiwọn gan-an la ṣe ra inverter.

Ẹni tó bá wa so ó wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ó ṣí ìdérí bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo omi inú wọn, ó bu omi bátìrì kún èyí tó ti fà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì yín ti lo ọdún 4. Kò lè rí bíi tuntun mọ́, àmọ́ kò tíì kú. Kí lẹ máa ń tàn sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn?" Mo kà á fún un: fáànù Màmá, gílóòbù 2. Ó ní, "Kọ̀ǹpútà yín ńkọ́?" Mo ní ó ti ń sùn, ṣebí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn gbé ọwọ́ lé orí àpótí rẹ̀, ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Iná funfun kékeré tó wà níwájú rẹ̀ tàn kedere, kò ṣẹ́jú rárá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Ohun tó wà nílé mi nìyẹn: kọ̀ǹpútà tó di ojú, tí ọkàn rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ọjọ́ 23 ló gbà mí kí n tó rí i pé ó sùn lóòótọ́. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti èyí tí mo ṣì ṣe pẹ̀lú.

Ẹ̀rọ náà àti ohun tó ń jẹ

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Computer Village, Ìkẹjà: Intel Core i5 ìran kẹrin, RAM (ibi ìrántí ìgbà díẹ̀) 8GB, SSD (ibi ìpamọ́ tí kò nílò iná láti rántí) 256GB, Windows 10. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé fún àwọn oníbàárà mi níbí ní Mọ́níyà, Ìbàdàn. Ní bíi ọdún kan sẹ́yìn, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi da àwọn kásẹ́ẹ̀tì Bàbá mi olóògbé kọ sínú ẹ̀rọ. Bàbá kì í lọ síbi ìnáwó láìgbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ dání. Kásẹ́ẹ̀tì 46 ni wọ́n fi sílẹ̀, nínú páálí kan lábẹ́ ibùsùn Màmá. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí sọ́kàn, a máa padà sórí rẹ̀.

Mo yá mítà kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ki nǹkan mìíràn bọ inú rẹ̀, tó máa ń sọ iye wáàtì tí nǹkan náà ń fà. Bí mo bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yìí, òun àti ojú rẹ̀ ń fa 61. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn ṣùgbọ́n tí kò sùn, 38. Bí ó bá sùn lóòótọ́, tí iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, 2.4 péré.

Mo wá jókòó ti ìṣirò. Bátìrì wa jẹ́ 12V, 200Ah: ìyẹn wáàtì-wákàtí 2,400 nígbà tó wà ní tuntun. Bátìrì olómi kò sì fẹ́ kí èèyàn fà á kọjá ìdajì, nítorí náà 1,200 la lè ná, ti ọlọ́dún mẹ́rin kò sì lè pé bẹ́ẹ̀ mọ́. Fáànù Màmá ń fa 55, fún wákàtí 9 ó di 495. Gílóòbù 2 ti 7 wáàtì ń jẹ 126. Inverter fúnra rẹ̀ ń jẹ bíi 20 láti wà lójúfò, ìyẹn 180. Àpapọ̀ rẹ̀ 801. Bátìrì wa lè gbé ìyẹn dé òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà tí kò sùn bá fi 342 tirẹ̀ lé e, ó di 1,143, bátìrì á sì kú kí ìrun àárọ̀ tó dé. Bí ó bá sùn, 22 péré ni yóò fi lé e. Àṣé fáànù Màmá ni kọ̀ǹpútà mi ń bá du iná.

Ẹ lè ní kí n máa pa á pátápátá tí mo bá fẹ́ sùn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ tí mo fi ń wá ojútùú, nítorí mi ò ní fi ara Màmá dán nǹkan wò. Mo máa ń jẹ́ kó wà bó ṣe wà ní àwọn òru tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, tàbí tí iná bá ti wà látàárọ̀ tí bátìrì kún dẹ́nu. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi jẹ́ iṣẹ́ ìwé mẹ́fà méje tó ṣí kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì máa ń dìde ṣiṣẹ́ ní agogo 5. Ohun tí wọ́n ṣe oorun kọ̀ǹpútà fún nìyẹn. Ó yẹ kó lè sùn.

Ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú ìwé àti bírò

Kí n tó fọwọ́ kan ètò kankan, mo kọ́kọ́ wò ó fún òru 7. Ní alẹ́, mo máa ń kọ bóyá èmi ni mo tẹ Sleep fúnra mi tàbí mo fi í sílẹ̀ kó lọ sùn fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 tí mo yàn fún un. Ní àárọ̀, mo máa ń kọ iye iná tí mítà sọ pé ó jẹ mọ́jú. Mítà yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ yìí rọrùn, torí kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè parọ́ fún un.

Òru 2 ló jẹ 0.02 kWh (kWh 1 jẹ́ wáàtì-wákàtí 1,000), ìyẹn ni pé ó sùn mọ́jú. Òru 3 ló jẹ 0.34, kò fojú kan oorun. Òru 2 yòókù ló jẹ́ kí n dúró ronú: 0.19 àti 0.23. Kò bọ́ sí ti ẹni tó sùn, kò bọ́ sí ti ẹni tí kò sùn. Ó sùn, ó tún wá jí láàárín òru, kò sì padà sùn mọ́.

Látorí ìwé yẹn ni mo ti mọ̀ pé àìsàn 2 ló wà lára rẹ̀. Ọ̀kan ni àìrí oorun sùn, èkejì ni kó sùn kó ta jí. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ti gbà tẹ́lẹ̀ ló da méjèèjì pọ̀, bí ẹni ń fi oògùn ibà wo inú rírun.

Mo bi ẹ̀rọ léèrè

Windows máa ń sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́ tí èèyàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Mo tẹ cmd, ìyẹn ojú ewé tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, síbi ìwákiri, mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, mo mú Run as administrator, mo wá kọ:

powercfg /requests

Ó to orúkọ sílẹ̀: DISPLAY, SYSTEM, AWAYMODE àti àwọn yòókù. None ló wà lábẹ́ gbogbo wọn àfi SYSTEM. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni Realtek High Definition Audio, ìyẹn ẹ̀yà tó ń bójú tó ohùn nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ní: An audio stream is currently in use. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan ń lo ohùn lọ́wọ́, nítorí náà òun ò gbọdọ̀ sùn.

Ohùn wo? Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Mo pa gbogbo ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, mo pa Audacity tí mo fi ń gba kásẹ́ẹ̀tì, mo tún bi í. Ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tó dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ mi kan gbà mí nímọ̀ràn lórí fóònù pé kí n kúkú pàṣẹ fún Windows pé kó má dá Realtek lóhùn mọ́:

powercfg /requestsoverride DRIVER "Realtek High Definition Audio" SYSTEM

Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní òru yẹn, mítà ka 0.02. Inú mi dùn débi pé mo kọ "Ó tán" sínú ìwé.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé kásẹ́ẹ̀tì ìkómọjáde ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jáde, ti ọdún 1979. Kásẹ́ẹ̀tì 60 ni, ìṣẹ́jú 30 lójú kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo gbọ́ ohùn Bàbá bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ tuntun náà, mo rí i pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, mo bá lọ fún Màmá ní oògùn wọn. Nígbà tí mo padà dé, kásẹ́ẹ̀tì ṣì ń yí, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, iná iwájú rẹ̀ sì ń ṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú 20 pé láìsí ẹni tó fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ó bá sùn lọ láàárín oríkì. Èmi ni mo ní kó má fetí sí ohùn mọ́, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà láti tún un gbà. Téèpù ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í fẹ́ irú ìyẹn. Ó lọ́ mọ́ inú ẹ̀rọ, ohùn Bàbá wú, ó dì, ó dákẹ́. Mo pa ẹ̀rọ náà, mo ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀. Téèpù pupa rẹ́súrẹ́sú náà ti rọ́ jáde bí ìfun, ó wé mọ́ rọ́bà kékeré tó ń fà á. Mo gé èékánná mi kí n má baà ya á. Mo ń tú u ní ìdajì íǹṣì sí ìdajì íǹṣì, mo fi aṣọ ojú gíláàsì gbígbẹ na ibi tó ká, mo wá ki ìdí bírò sínú ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, mo rọra ń yí i títí gbogbo rẹ̀ fi wọlé. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ibi tó ká yẹn ṣì máa ń dún gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ títí dòní, ó sì wà láàárín gbólóhùn tí Bàbá ti ń pe orúkọ ìyá wọn.

Mo yọ àṣẹ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan náà láìfi SYSTEM sí ìparí rẹ̀, á kúrò. Ẹni tó bá ń gba ohùn tàbí tó ń gbọ́ iṣẹ́ gígùn lórí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kan àṣẹ yẹn.

Ẹni tó ń fetí sílẹ̀

Mo padà sórí ìbéèrè tí mo fò: ta ló ń lo ohùn? Mo ti pa gbogbo ohun tó ṣí, nítorí náà kì í ṣe áàpù. Mo ṣí Sound nínú Control Panel, mo lọ síbi Recording, mo ṣí Properties ti Line In (ihò tí ohùn ẹ̀rọ mìíràn ń gbà wọlé), mo wo abẹ́ Listen. Àmì wà nínú àpótí tó sọ pé Listen to this device.

Èmi ni mo fi í síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohùn tó ń wọlé nínú sípíkà bí mo ṣe ń gbà á. Láti ọjọ́ náà ni kọ̀ǹpútà ti ń fetí sí ẹnu wáyà yẹn tọ̀sán tòru, bóyá kásẹ́ẹ̀tì ń yí, bóyá kò yí. Ẹ̀rọ ò ṣàìsàn. Iṣẹ́ tí mo rán an ló ń jẹ́.

Ìdí tí kì í fi ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ wà lẹ́yìn àpótí náà. Ihò ohùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: aláwọ̀ ewé ni ti sípíkà, aláwọ̀ òsùn fẹ́ẹ́rẹ́ ni ti gbohùngbohùn, aláwọ̀ ojú ọ̀run ni Line In. Bí wáyà bá wà nínú ti ojú ọ̀run, Windows ka ẹnu ọ̀nà yẹn sí ohun tó wà, ó sì ń gbọ́ ọ. Bí mo bá yọ wáyà, ẹnu ọ̀nà náà pa dé, kò sí ohùn láti gbọ́, kọ̀ǹpútà lè sùn. Mo yẹ ìwé mi wò. Òru mẹ́ta tí kò sùn rárá, ọjọ́ tí mo fi kásẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ ni gbogbo wọn, tí mo sì fi wáyà sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo yọ àmì náà. Mo tẹ powercfg /requests. None, láti òkè dé ilẹ̀. Bí mo bá ń gba kásẹ́ẹ̀tì báyìí, inú Audacity ni mo ti ń yàn láti gbọ́ ohun tó ń wọlé, ó sì máa ń dákẹ́ tí mo bá pa á.

Màmá ló gbọ́ ọ

Àìsàn kejì ló kù. Ògiri kan ló wà láàárín yàrá Màmá àti ibi iṣẹ́ mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo gbé tíì lọ fún wọn, wọ́n ní:

"Ẹ̀rọ rẹ yẹn, bí iná bá ti dé báyìí ló ń jí."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Màá?"

"Mo ń gbọ́ ọ lára ògiri, wùùù. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ á kọ́kọ́ tàn, òun náà á wá dìde. Lóru àná, ó kù díẹ̀ kí agogo 2 lù."

Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kò sí lórí inverter. Iná ìta nìkan ló ń tàn án. Mo lọ ṣí Event Viewer, mo wọ Windows Logs, mo wọ System, mo wá àwọn tí Power-Troubleshooter kọ. Níbẹ̀ ni Windows ti máa ń kọ ìgbà tó sùn, ìgbà tó jí àti ẹni tó jí i. Mo rí i: 00:48. Èyí kò bá ti Màmá mu, mo sì fẹ́ẹ̀ sọ fún wọn pé bóyá wọn kò wo agogo dáadáa. Ìgbà náà ni mo rí lẹ́tà Z tó wà ní ìparí àkókò náà. Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, ni wọ́n fi kọ ọ́, tiwa ní Nàìjíríà sì fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Agogo 1 kọjá ìṣẹ́jú 48. Ó kù díẹ̀ kí agogo 2 lù, bí Màmá ṣe wí.

Ẹni tó jí i ni Intel(R) Ethernet Connection I217-LM, ìyẹn ẹnu ọ̀nà wáyà íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ni powercfg /lastwake náà wí. Router wa, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé, wà ní pálọ̀, lára sọ́kẹ́ẹ̀tì tí inverter kò gbé. Bí wọ́n bá mú iná lọ, router kú. Bí iná bá dé, router dìde, ó tan wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo ẹ̀rọ tó wà lára rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà tí kò sùn tán gbọ́ ìkíni yẹn, ó jí ọ̀gá rẹ̀.

Mo dán an wò lójú mọmọ. Mo tẹ Sleep, mo dúró kí iná iwájú máa ṣẹ́jú, mo lọ pálọ̀ lọ yọ router, mo kà dé ọgbọ̀n, mo kì í padà. Kí n tó rìn dé ibi iṣẹ́, ó ti jí. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó jí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Inú mi dùn gan-an, torí àìsàn téèyàn bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ pè wá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí a mú òun.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ò tíì yé mi. Windows ní òfin kan tó fi pamọ́: bí ẹ̀rọ bá jí láìjẹ́ pé èèyàn ló jí i, ìṣẹ́jú 2 ló yẹ kó fi dúró kó tó padà sùn. Kí ló dé tí tèmi jí tí kò padà? Mo tún gbé ìwé mi. Òru méjèèjì yẹn, 0.19 àti 0.23, èmi ni mo tẹ Sleep fúnra mi, wáyà kásẹ́ẹ̀tì sì wà nínú ihò rẹ̀. Bí èèyàn bá tẹ Sleep, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sùn, ohùn kò lè dá a dúró. Ohùn máa ń dí oorun tó fẹ́ lọ sùn fúnra rẹ̀ nìkan. Nítorí náà ó sùn nípa àṣẹ mi, iná dé, router jí i, ìṣẹ́jú 2 pé, ó fẹ́ padà sùn, ohùn ní rárá. Àìsàn kìíní ló ń ti èkejì lẹ́yìn.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú Event Viewer. Ọ̀kan nínú òru tí mo rò pé ó sùn mọ́jú, ó jí ní 4:31, ó padà sùn ní 4:33. Wáyà kò sí nínú ihò lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú 2 péré, n kò mọ̀, mítà ò sì rí i.

Mo lọ sí Device Manager, mo ṣí ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, mo wọ Power Management, mo yọ àmì kúrò níwájú Allow this device to wake the computer. Ẹni tó bá fẹ́ máa jí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn lè fi í sílẹ̀, kó wá fi àmì sí Only allow a magic packet to wake the computer (magic packet ni ìpè pàtàkì tí wọ́n ṣe fún jíjí ẹ̀rọ), kó má baà jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kan ìlẹ̀kùn. Èmi kò nílò rẹ̀. Mo tún yọ router lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mo kì í padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iná iwájú ń ṣẹ́jú lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìyókù ò gba àkókò. Powercfg /devicequery wake_armed to gbogbo ohun tó láṣẹ láti jí ẹ̀rọ. Mo yọ mouse kúrò, torí tábìlì mi máa ń mì bí ẹnikẹ́ni bá ti ìlẹ̀kùn, mo fi kíbọ́ọ̀dù sílẹ̀. Powercfg /waketimers fi hàn pé Windows ní aago tó fi ń jí ara rẹ̀ láti tún ara rẹ̀ ṣe, mo sì lọ pa Allow wake timers nínú Power Options.

Ohun kan tí mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà ni Hybrid Sleep. Oorun lásán, tí wọ́n ń pè ní S3, inú RAM ló ń tọ́jú iṣẹ́ sí, RAM sì nílò iná díẹ̀ láti rántí. Bí inverter bá kú, gbogbo ohun tó ṣí lọ nìyẹn. Hybrid Sleep máa ń kọ ẹ̀dà rẹ̀ sórí SSD kó tó sùn. Nínú ilé tí bátìrì lè tán lóru, mi ò ní yọ ọ́.

Fún ẹni tó ń lo laptop

Ìyàwó mi ní kí n wo tirẹ̀ náà, torí ó máa ń gbóná nínú báàgì. Tirẹ̀ yàtọ̀. Mo tẹ powercfg /a, dípò Standby (S3), ohun tó wà níbẹ̀ ni S0 Low Power Idle. Láti ìgbà tí Intel, Microsoft àti Toshiba ti gbé ACPI, ìlànà bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣàkóso iná rẹ̀, jáde ní 1996 ni S3 ti jẹ́ oorun gidi tí kọ̀ǹpútà mọ̀. Ọ̀pọ̀ laptop òde òní kò ní in mọ́. Wọ́n ṣe wọ́n bíi fóònù, ojú wọn ń ṣókùnkùn, wọ́n ṣì ń gba ìsọfúnni díẹ̀díẹ̀. Apirọrọ ni wọ́n dá wọn. Èmi ò fara mọ́ ọn fún ìlú tí iná ti wọ́n, mo sì sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́kàn mi. Mo ṣètò tirẹ̀ kó máa lọ sí Hibernate, ìyẹn kó kọ iṣẹ́ pamọ́ kó sì kú pátápátá, bó bá ti pa ìdérí rẹ̀ dé. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jí, ṣùgbọ́n báàgì rẹ̀ ti tutù.

Òru 7 mìíràn

Mo tún fi ìwé àti bírò wò ó. Wáyà kásẹ́ẹ̀tì wà nínú ihò rẹ̀ ní òru mẹ́rin, mo yọ ọ́ ní mẹ́ta. Mo tẹ Sleep nígbà mìíràn, mo fi í sílẹ̀ nígbà mìíràn. 0.02, 0.02, 0.03, 0.02, 0.02, 0.02, 0.02. Ọjọ́ tó jẹ́ 0.03, èmi ni mo dìde ní agogo 4 lọ tẹ iṣẹ́ kan.

Òru kẹfà ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n mú iná lọ ní 10:40, wọ́n mú un dé ní 1:15 fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n tún mú un lọ, kò sì padà títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bi Màmá bóyá wọ́n gbọ́ nǹkan lára ògiri.

Wọ́n ní, "Èmi? Mo sùn ni jàre."

Mo ti fún ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ní rọ́bà tuntun, mo sì ti fi sípíríìtì nu orí rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì 31 ló kù nínú páálí. Ti 1979 yẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà báyìí, àti ibi tó ń dún gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀. Màmá ní kí n má yọ ibẹ̀, àwọn mọ orúkọ tí wọ́n ń pè níbẹ̀.